Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe Bẹ́ǹṣì àti Tábìlì Ayò Sójúde fún Gbogbo Àdúgbò

Àyè tó wà láàárín ògiri ilé àti gọ́tà ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta, Muṣin, Ṣómólú tàbí Bàrígà l'Ékòó kì í fẹ̀, ṣùgbọ́n lójúde àwọn ilé kan, ó tó gba bẹ́ǹṣì méjì, tábìlì ayò kan láàárín wọn, àti táyà òdòdó méjì mẹ́ta. Gbogbo ohun èlò rẹ̀ kò ju sìmẹ́ǹtì, yanrìn, òkúta, búlọ́ọ̀kù, pákó àti táyà àlòkù lọ. Bíríkìlà kan pẹ̀lú ọ̀dọ́ méjì lè parí iṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ bí wọ́n bá fi Sátidé méjì tàbí mẹ́ta sí i. Iṣẹ́ ẹnu tó ṣáájú rẹ̀ ló máa ń pẹ́ jù, òun náà ló sì ń pinnu bóyá ohun tí ẹ kọ́ á tọ́jọ́.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ayò sí i ni. Bẹ́ǹṣì lásán dára, àgbà tó ń bọ̀ láti ọjà á rí ibi sọ àpò kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì lásán fún odidi wákàtí kan, kí oníkálukú máa tẹ fóònù tiẹ̀. Ayò kò gba bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì ń ta, ẹni mẹ́fà dúró lé wọn lórí, gbogbo wọn ló sì ń sọ̀rọ̀: èyí ń kan sáárá sí ọ̀ta tó mọ ayò ta, tọ̀hún ń fi òpè tí kò mọ̀ ọ́n ta ṣe yẹ̀yẹ́, ọmọ iléèwé tó ń kọjá lọ á dúró láti fojú ka ọmọ inú ilé ayò kan, ìyẹn ihò ọpọ́n, bóyá ó ti pọ̀ tó láti di odù. Ayálégbé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, tí kò tíì mọ orúkọ ẹnikẹ́ni, á ti mọ èèyàn mẹ́rin márùn-ún kílẹ̀ tó ṣú. Èyí ló jẹ mí lógún, torí àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ káàkiri Méńlándì báyìí, fẹ́ǹsì gíga àti géètì onírin ni wọ́n fi ń kọjú sí títì. Ojúde táwọn àgbà ti ń gba atẹ́gùn nírọ̀lẹ́ ti di ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Ẹ kọ́kọ́ lọ kí àwọn ará àdúgbò

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ onílé, bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí ààlà ilé parí sí. Ohun tó bá wà nínú ààlà, àṣẹ onílé ti tó o. Ohun tó bá kọjá ààlà ti di ti gbogbogbò, torí Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, ti fi títì, gọ́tà, ọgbà ìgbafẹ́ àti àyè gbalasa sábẹ́ àkóso ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 àti LCDA (ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè) 37 ló wà ní ìpínlẹ̀ Èkó, nítorí náà ẹ wádìí èyí tó ni àdúgbò yín gan-an kí ẹ tó kọ lẹ́tà. Lẹ́tà ojú ìwé kan tó, kí ẹ ya àwòrán ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí padà. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà yẹn dáadáa. Ọjọ́ táwọn òṣìṣẹ́ àyíká bá dé pé kí lẹ kọ́ síbí, òun ló máa sọ̀rọ̀ fún yín.

Ohun kan wà tí lẹ́tà kankan kò lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀: ẹ má kọ́ ohunkóhun lé gọ́tà lórí, ẹ má sì dí i. Ìjọba Èkó máa ń wó ohun tó bá dí ojú omi, wọ́n sì jàre. Àdúgbò tí gọ́tà rẹ̀ kò ṣàn, inú yàrá ni omi òjò á gbà.

Tí ẹ bá ti mọ ibi tí ẹ dúró sí nípa ilẹ̀, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. Alága á fẹ́ mọ ẹni tó máa sanwó, ẹni tó máa gbálẹ̀, àti bóyá olóṣèlú kan ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ dáhùn gbogbo rẹ̀ ní gbangba. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má gba owó olóṣèlú, kí ẹ má sì gbà kí iléeṣẹ́ kankan kọ orúkọ sí i lára. Yàtọ̀ sí pé àjọ LASAA ló ń bójú tó pátákó ìpolówó nípìnlẹ̀ Èkó, tí wọ́n á sì béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ yín, bẹ́ǹṣì tó bá ti lórúkọ ẹnì kan lára, ẹni tí kò fẹ́ràn onítọ̀hún kò ní í jókòó síbẹ̀. Ó sàn kí ilé kọ̀ọ̀kan mú nǹkan kan wá: ilé kan búlọ́ọ̀kù, ilé kan pákó, ilé kan òdòdó. Ìyá tí kò lówó lọ́wọ́ lè se oúnjẹ fún bíríkìlà lọ́jọ́ iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìpàdé, ẹ lọ bá àwọn tí fèrèsé wọn kọjú síbẹ̀ nílé, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi ìkéde orí WhatsApp rọ́pò èyí. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe sábà máa ń lọ nìyí:

“Ẹ káàsán mà.”

“Káàsán, ọmọ mi. Ṣé kò sí o?”

“Kò sí o, mà. A fẹ́ ṣe bẹ́ǹṣì kékeré kan síwájú ilé wa, ká wá ṣe ojú ayò sí i. Fèrèsé yín ló kọjú sí i, ìyẹn la ṣe ní ká wá kí yín ná.”

“Ayò ò burú. Àwọn tó máa wá jókòó mugbó síbẹ̀ lóru ńkọ́?”

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ má fi “kò ní í ṣẹlẹ̀, mà” dá màmá lóhùn. Ẹ bi í léèrè aago tó yẹ kí ibẹ̀ dákẹ́, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ọmọ ayò máa sùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí àdúgbò bá fẹnu kò sí aago mẹ́jọ alẹ́, aago mẹ́jọ ni ẹnì kan á kó ọmọ ayò 48 sínú agolo, á gbé e lọ fún màmá, eré ti parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tí wọ́n máa lé, kò sì sí ariwo. Ọmọ ayò yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀, ó sì dáa kó wà lọ́wọ́ ẹni tí ariwo lè dà láàmú jù, kó má wà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn ayò jù.

Ibi tó yẹ kó wà

Ẹ lọ dúró síbi tí ẹ ní lọ́kàn ní aago mẹ́rin ọ̀sán. Àkókò tí àgbà máa ń fẹ́ jáde ta ayò nìyẹn, ìgbà yẹn náà ni oòrùn Èkó máa ń ti ìwọ̀ oòrùn wá gbá ojú ògiri. Bí ilé bá kọjú sí ìwọ̀ oòrùn tí kò sì sí ohun tó ṣíji bò ó, òfìfo ni bẹ́ǹṣì yín máa wà títí di aago mẹ́fà. Ẹ wá ibi tí ilé òdìkejì, fẹ́ǹsì tàbí igi ti ń ṣíji lọ́sàn-án. Igi fúrúùtù tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ ìbùkún, àmọ́ ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin òmíràn sẹ́bàá gọ́tà tàbí fẹ́ǹsì, torí gbòǹgbò rẹ̀ á ya kọnkéré bó bá yá.

Bẹ́ǹṣì méjì àti tábìlì máa gba nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ní gígùn, mẹ́rin ààbọ̀ ní fífẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ ronú kan obìnrin tó ru igbá ẹrù, tó pọnmọ, tí ọmọ kejì sì dì mọ́ ọn lọ́wọ́: òun ni kí ẹ fi wọn ọ̀nà. Bí àyè kò bá tó, bẹ́ǹṣì ni kí ẹ dín kù, kì í ṣe ọ̀nà. Ẹ gbé bẹ́ǹṣì kan ti ògiri, kí ẹni kejì gbé àpótí ìjókòó jáde látinú ilé.

Ẹ sún kúrò ní kọ́nà tí kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà ti ń já yà, ẹ sún kúrò lábẹ́ wáyà iná àti nítòsí tíránsífọ́mà, ẹ má sì kọ́ ọ sórí ìdérí ṣàlángá tàbí mítà omi. Lọ́jọ́ kan, wọ́n á ní láti ṣí i.

Àsìkò tó dára jù láti ṣiṣẹ́ ni láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì. Òjò Èkó máa ń gbára jọ láti oṣù kẹrin, á le jù ní oṣù kẹfà, á sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á tún padà dé ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ kọ́lé ayò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gbin òdòdó nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀.

Ohun èlò

Àpò sìmẹ́ǹtì kan, oní 50 kílò. Yanrìn ṣáàpù, ìdajì ọmọlanke. Òkúta wẹẹrẹ, irú èyí tí kò ju ọmọ ìka lọ, àpò mẹ́ta. Búlọ́ọ̀kù náìnì mẹ́jọ, búlọ́ọ̀kù síìsì mẹ́fà. Pákó ìnípọn ínǹṣì méjì, fífẹ̀ ínǹṣì 12, gígùn ẹsẹ̀ bàtà 12, ẹyọ kan, tí ẹ máa gé sí méjì. Plywood tó mọ́ lójú, àti pákó tẹ́ẹ́rẹ́ fún férémù. Ọ̀pá irin 8mm, gígùn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Bóòtù gígùn ínǹṣì mẹ́jọ, mẹ́jọ. Abọ́ rọ́bà kékeré 12 tó dọ́gba, tí ìdí rẹ̀ rí róbótó. Ara bíírò 12. Ọ̀rá fífẹ̀ kan.

Lórí pákó, ẹ má ṣahun. Apá àti ìrókò ni ikán kì í fi bẹ́ẹ̀ rí jẹ, wọ́n sì lè fara da òjò fún ọdún púpọ̀. Àfàrà dára lójú, owó rẹ̀ sì rọjú, ṣùgbọ́n òjò ọdún kan tàbí méjì á ti gbà á. Bí owó apá kò bá sí, ẹ kúkú da ojú bẹ́ǹṣì náà ní kọnkéré. Ọmọ ayò, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ní ọjà Ojúwòyè ní Muṣin. Ẹ ra ju 48 lọ, torí ọmọdé á sọ díẹ̀ nù.

Ojú ayò

Ibí ni mo fẹ́ ká ti fara balẹ̀ jù. Ọpọ́n onígi ló dùn ún gbọ́ létí nígbà tí ọmọ bá ń bọ́ sínú ilé, ṣùgbọ́n ọpọ́n onígi tí wọ́n fi sílẹ̀ sójúde l'Ékòó, ilẹ̀ kì í mọ́ bá a. Kọnkéré tí a fẹ́ ṣe yìí á wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jí i, á ní láti pe èèyàn mẹ́ta ràn án lọ́wọ́.

Ìdojúdé la máa dà á, kí ojú rẹ̀ lè jọ̀lọ̀. Ẹ tẹ́ plywood sílẹ̀ níbi tó tẹ́jú, ẹ fi lẹ́fẹ̀lì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kan férémù sí i lórí: gígùn inú rẹ̀ ínǹṣì 33, fífẹ̀ 18, gíga mẹ́ta. Ẹ wá da abọ́ rọ́bà 12 náà dé sórí plywood ní ìlà méjì, mẹ́fà mẹ́fà. Abọ́ tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì mẹ́rin, tó jìn ní ínǹṣì kan ààbọ̀, ló bá ìwọ̀n yìí mu. Ẹ fi ínǹṣì kan sáàárín abọ́ àti abọ́, méjì sí etí lápá òsì àti ọ̀tún, mẹ́rin sáàárín ìlà méjèèjì, kí ìka ẹni tó ń ta má máa kọ lu ti ẹnì kejì. Ẹ kó yanrìn tútù sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó dà á dé, kí ìwúwo kọnkéré má bàa tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ etí rẹ̀ mọ́ plywood.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ bíríkìlà kò ní í rántí rèé: ihò 12 tó wà níta á gbomi òjò sínú. Ẹ̀fọn kì í pẹ́ nínú omi adágún. Láti ẹyin títí tó fi máa fò, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ti tó o. Nítorí náà, ẹ gé ara bíírò sí ínǹṣì kan ààbọ̀, ẹ di inú rẹ̀ pẹ̀lú bébà tútù, kí ẹ sì lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òòró mọ́ ìdí abọ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tó kọjú sókè báyìí. Tí kọnkéré bá gan tí ẹ sì yí i padà, ẹ fi ìṣó gún bébà náà jáde, ihò tóóró á wà nídìí ilé ayò kọ̀ọ̀kan. Omi á gbabẹ̀ jò sílẹ̀. Ọmọ ayò tóbi ju ihò náà lọ dáadáa, kò lè bọ́ níbẹ̀.

Ẹ fi kọ́ńdẹ́mù, ìyẹn ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n ti lò, pa ara abọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ojú plywood àti inú férémù, kí ohunkóhun má bàa lẹ̀.

Àpòpọ̀ rẹ̀ ni ọ̀kan sí méjì sí mẹ́ta. Ẹ fi ike ọ̀dà oní-lítà mẹ́rin wọ̀n ọ́n: sìmẹ́ǹtì méjì, yanrìn mẹ́rin, òkúta mẹ́fà. Ẹ pò ó gbẹ kí ẹ tó bomi sí i, kí omi náà má pọ̀. Kọnkéré tó ń ṣàn bí àmàlà tí omi pọ̀ jù á sán tó bá gbẹ. Omi mímọ́ ni kí ẹ lò. Lápá Erékùṣù àti etí ọ̀sà, omi kànga ibòmíràn níyọ̀, iyọ̀ sì máa ń jẹ irin látinú. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó lò ó.

Ẹ da ìdajì sínú férémù, kí ẹ fi igi gún un yíká abọ́ kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ẹ wá tẹ́ ọ̀pá irin mẹ́ta sí i ní gígùn, ínǹṣì 30 kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan láàárín ìlà méjèèjì, ọ̀kan ní etí kọ̀ọ̀kan. Irin kò gbọ́dọ̀ hàn síta níbì kankan. Ẹ da ìyókù lé e, ẹ fi òòlù kan ara férémù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí tí ìfófòó kò fi jáde mọ́, kí ẹ sì fi pákó gígùn nu ojú rẹ̀ dọ́gba. Orí bíírò gbọ́dọ̀ hàn.

Ẹ fi ọ̀rá bò ó. Fún ọjọ́ méje, ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, pàápàá bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, torí ọyẹ́ máa ń fa omi jáde lára kọnkéré kó tó lágbára. Ẹ gbé iṣẹ́ yìí lé ọmọ ilé kan lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kẹjọ, èèyàn mẹ́rin ni kó yí i padà, lórí yanrìn tàbí táyà, ẹ má jẹ́ kó já. Ẹ yọ abọ́ rọ́bà. Ibi tó bá kọ̀ tí kò jọ̀lọ̀, ẹ fi òkúta ìlọ̀bẹ àti omi rà á títí ìka kò fi ní í ha mọ́. Bàbá tó bá fi ìka kó ọmọ nínú ilé tó ń ha ni, kò ní í padà wá lọ́la.

Ẹsẹ̀ tábìlì àti bẹ́ǹṣì

Nígbà tí ojú ayò ń gan lọ́wọ́, ẹ lè ti máa ṣe ẹsẹ̀. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa wà, ẹ da kọnkéré pẹlẹbẹ sí i. Fún tábìlì, búlọ́ọ̀kù síìsì mẹ́ta lórí ara wọn lápá òsì, mẹ́ta lápá ọ̀tún, kí gígùn búlọ́ọ̀kù bá fífẹ̀ tábìlì lọ. Ẹ ri ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí ojú ayò lè wà ní nǹkan bí ínǹṣì 27 sílẹ̀. Orúnkún á ráyè wọ abẹ́ rẹ̀.

Fún bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan, búlọ́ọ̀kù náìnì méjì lórí ara wọn ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, kí gígùn wọn bá gígùn pákó lọ. Búlọ́ọ̀kù náìnì méjì jẹ́ ínǹṣì 18. Tí ẹ bá ri wọ́n mọ́lẹ̀ ní ínǹṣì méjì, tí pákó ìnípọn ínǹṣì méjì sì gorí rẹ̀, ibi ìjókòó á padà jẹ́ 18 géérégé. Ìwọ̀n yẹn ni àgbà lè jókòó lé kó sì dìde láìpe ẹnikẹ́ni fà á. Bẹ́ǹṣì tó bá lọ sílẹ̀ jù, ọ̀dọ́ nìkan ló wà fún. Àlàfo ínǹṣì márùn-ún láàárín etí bẹ́ǹṣì àti etí tábìlì dára.

Ẹ fi kọnkéré kún ihò búlọ́ọ̀kù, kí ẹ sì ri bóòtù méjì sí orí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tútù, orí wọn nísàlẹ̀, ẹnu wọn lókè. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà wọn ibi tí bóòtù yọ sí, kó lu pákó níhò, kó sì gbẹ́ ẹnu ihò náà fẹ̀ díẹ̀ kí nọ́ọ̀tì lè rì sínú. Tí ẹ bá ti dè é tán, ẹ fi òòlù gbá ẹnu bóòtù kó fẹ̀. Pákó apá tí ẹnikẹ́ni lè tú, wọ́n á tú u.

Kí káfíńtà fi ìfági gé etí pákó kó rí róbótó, kó má máa ya ìró tàbí ṣòkòtò. Ẹ fi Solignum, oògùn tí kì í jẹ́ kí ikán jẹ igi, kun abẹ́ pákó àti ibi tó ti kan búlọ́ọ̀kù, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ojú òkè, fáníìṣì ni. Ẹ má fi kọ́ńdẹ́mù kun ibi tí èèyàn máa jókòó lé.

Ẹ fi mọ́tà fẹ́ẹ́rẹ́ gbé ojú ayò kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sídìí láti fi èyí tó le koko dè é. Ìwúwo rẹ̀ ti tó o. Ó lè di ọdún mélòó kan kí ìjọba fẹ́ fẹ títì, ẹ máa fẹ́ lè gbé e lọ sí ibòmíràn láìfọ́ ọ.

Táyà òdòdó

Fọkanáísà tó wà ládùúgbò á fún yín ní táyà àlòkù. Ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, kí ẹ sì fi dírílì lu ihò mẹ́fà sí mẹ́jọ sí ẹ̀gbẹ́ tó máa wà nísàlẹ̀. Táyà tí kò níhò ni ilé ẹ̀fọn tó dára jù lọ l'Ékòó. Ẹ má fi irin gbígbóná jó o, èéfín rọ́bà kò dára fún àyà ẹnikẹ́ni. Ẹ tẹ́ òkúta sísàlẹ̀, kí ẹ tó da iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ ti po mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù á jó gbòǹgbò, á sì lé àwọn tó ń ta ayò sá.

Ọjá ikóòkò ni mo fẹ́ràn jù fún ojúde: oòrùn kò pa á, ó lè wà láìrómi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ewúrẹ́ kì í sì fi ẹnu kàn án. Híbísíkọ́ọ̀sì á yọ òdòdó pupa fún yín lọ́dún yípo bí oòrùn bá tó. Efinrin àti ewé tíì dára, àmọ́ inú ike ọ̀dà ńlá ni kí ẹ gbìn wọ́n sí, ẹ má gbin ohun jíjẹ sínú táyà. Kí ẹ sì sọ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni ló lè já efinrin níbẹ̀. Efinrin tí wọ́n ń já lemọ́lemọ́ a máa bẹ́ ẹ̀ka sí i.

Ògiri tó wà lẹ́yìn bẹ́ǹṣì, bó bá wù yín, ẹ lè kun ún. Ọmọ tó mọ àwòrán yà ládùúgbò á mọ ohun tó máa ṣe. Ẹ kàn jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ bàtà kan sókè sílẹ̀, torí omi ilẹ̀ Èkó máa ń gun ògiri, á sì bó ọ̀dà ìsàlẹ̀ dànù.

Ìkòkò omi

Ẹnì kan á dábàá àmù omi tútù fún àwọn tó ń kọjá, bíi ti ayé àtijọ́. Èrò rere ni, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ mi ò fara mọ́ ọn. Ife kan tí ogún ẹnu ń mu nínú rẹ̀ léwu. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, onígbáméjì ṣẹ́ yọ l'Ékòó, Erékùṣù Èkó sì wà lára ibi tó ti kọ́kọ́ hàn. Bí ẹ bá fẹ́ gbé omi síbẹ̀, ẹ gbé ike onífọ́sẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọṣẹ síbẹ̀ fún fífọ ọwọ́. Ọmọ ayò ń gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá, ó sì yẹ kí wọ́n fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ìtọ́jú

Níbi tí èèyàn mẹ́jọ bá jókòó sí lọ́sàn-án, ọ̀rá píọ́ wọ́tà á kún ilẹ̀ kí alẹ́ tó lẹ́. Ẹ so àpò kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì, kí ilé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀ láti dà á sínú ike ìdọ̀tí tí àwọn PSP máa ń wá kó. Ẹ kọ orúkọ ilé àti ọjọ́ rẹ̀ sára ògiri ní ọ̀dà, ibi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i. Orúkọ tó wà lójú ògiri máa ń ti ara rẹ̀ níṣẹ́. Kí òjò oṣù kẹrin tó dé, gbogbo ilé tó yí ibẹ̀ ká ni kó jáde kó gọ́tà níwájú bẹ́ǹṣì.

Ọjà títà ni ẹ máa jiyàn lé lórí jù. Ìyá alákàrà á rí i pé èrò pọ̀ níbẹ̀, á gbé àwo rẹ̀ wá. Mi ò lòdì sí i pé kó wà nítòsí, kódà ó máa ń mú kí ibẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kí ó má gbé ohunkóhun lé bẹ́ǹṣì tàbí ojú ayò. Tí ọjà bá ti gorí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí kò ra nǹkan á máa rò pé òun kò lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó. Kí àgbà obìnrin kan bá a sọ ọ́ jẹ́jẹ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Tó bá ti di oṣù kẹta, ìjà ni yóò dà.

Bákan náà ni pẹ̀lú tẹ́tẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi owó ta ayò níbẹ̀, bó ti wù kó kéré tó.

Iná sólà kékeré tí ẹ bá gbé sókè ògiri á ran ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ lálẹ́ lọ́wọ́, pàápàá lọ́jọ́ tí iná kò bá sí. Ẹ gbé e ga ju ibi tí ọwọ́ lè tó, kí ẹ sì yí ojú rẹ̀ sí ilẹ̀, kì í ṣe sí fèrèsé màmá tó ń tọ́jú ọmọ ayò.

Lọ́dọọdún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi sáńpépà ra pákó, ẹ tún un kùn ní fáníìṣì, ẹ mú nọ́ọ̀tì le. Ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gún ihò ìdí ilé ayò méjèèjìlá kí iyẹ̀pẹ̀ tó ti dí i lè jáde, kí ẹ sì bu omi sí wọn láti wò bóyá ó ń jò. Ẹ ka ọmọ ayò, ẹ fi tuntun kún èyí tó bá sọnù.